Ta Ni Bears Yóò Mú? Lẹ́tà láti Chicago

Chicago, Ìpínlẹ̀ Illinois,
Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà.
Ọjọ́ Keje, Oṣù Kẹrin, 2024.

Múfútáù, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Ẹ kú ààwẹ̀ o. Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ẹ túnu, kí Ọlọ́run gbà á lọ́wọ́ yín. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ tí o gbà sílẹ̀ fún mi lórí WhatsApp lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tí o ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bọ́ọ̀lù tí wọn kì í fi ẹsẹ̀ gbá ni mo ń sá tẹ̀ lé báyìí, èmi tí a jọ máa ń pariwo títí ohùn wa yóò fi há ní pápá Adamasingba nígbà tí Three SC bá ń gbá bọ́ọ̀lù. O ní kí n ṣàlàyé ohun tó ń da àwa olólùfẹ́ Bears, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti Chicago yìí, láàmú, tó fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni mò ń sọ nínú oṣù tí ẹnikẹ́ni kò gbá a. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé sọ tán lórí fóònù, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́.

Kí o tó lè lóye rẹ̀, o ní láti mọ̀ pé nínú NFL, ìyẹn líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ olówó kò lè fi owó kó gbogbo agbábọ́ọ̀lù dáadáa jọ bí wọ́n ti ń ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹgbẹ́ 32 ló wà níbẹ̀, owó tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì lè san fún gbogbo agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ́dún kan ní gbèdéke. Ti ọdún yìí jẹ́ mílíọ̀nù 255.4 dọ́là. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ti yunifásítì bọ̀ kò lè mú ẹgbẹ́ tó wù wọ́n. Àwọn ẹgbẹ́ ló ń yàn wọ́n ní ìpele méje, nínú ètò tí wọ́n ń pè ní draft, ẹgbẹ́ tó ṣe burúkú jù ní sáà tó kọjá ló sì máa ń kọ́kọ́ yàn. Àfi bí ìgbà tí wọ́n bá ní kí ọmọ tó gbẹ́yìn ní kíláàsì kọ́kọ́ wá mú ẹran nínú àwo. Àyè yíyàn yìí fúnra rẹ̀ sì tún jẹ́ ọjà: ẹgbẹ́ lè gbé ti ọdún yìí, tàbí ti ọdún tí ń bọ̀, fún ẹgbẹ́ mìíràn kí ó fi gba ohun tó nílò, gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ ṣe máa ń ta ẹ̀gẹ́ tó ṣì wà nínú ebè.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀. Ní sáà 2022, eré 3 péré ni Bears borí, wọ́n pàdánù 14, àyè kìn-ín-ní sì bọ́ sí wa lọ́wọ́. Ryan Poles, ọ̀gá tó ń ra agbábọ́ọ̀lù tó sì ń tà wọ́n fún ẹgbẹ́ wa, kò lo àyè náà. Ní oṣù Kẹta, 2023, ó tà á fún ẹgbẹ́ Carolina, ó sì gba DJ Moore, ọ̀kan nínú àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù gbá mú jù, pẹ̀lú àyè méjì nínú ọdún náà, àyè ìpele kìn-ín-ní ti 2024, àti àyè ìpele kejì ti 2025. Carolina fi àyè tí wọ́n rà mú Bryce Young, wọ́n wọ sáà, wọ́n borí nínú eré 2, wọ́n pàdánù 15. Ta ni àyè ìpele kìn-ín-ní wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀? Àwa ni. Bí àyè kìn-ín-ní ti 2024 ṣe tún padà di tiwa nìyẹn, láìjẹ́ pé àwa fúnra wa la gbẹ́yìn, nítorí eré 7 ni Bears borí ní sáà náà. Àyè kẹsàn-án tó jẹ́ tiwa gangan ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Múfútáù, mo ti ń tẹ̀ lé ẹgbẹ́ yìí fún ọdún méjìdínlógún, n kò rí i kí wọ́n ná ọjà tó dára báyìí rí.

Ó yẹ kí n rán ọ létí ohun tó gbé mi dé ìdí wọn. Ní sáà 2006, kò tíì pẹ́ tí mo dé sí ìlú yìí, òtútù ń pa mí, n kò mọ ẹnìkan. Mo tan tẹlifíṣọ̀n, mo rí ọkùnrin gìrìwò kan tó wọ jẹ́sì 93, wọ́n kọ OGUNLEYE gàdàgbà sí i lẹ́yìn. Adewale Ogunleye ni. N kò mọ òfin kan ṣoṣo nínú eré náà, ṣùgbọ́n mo ti di ará Bears láti alẹ́ ọjọ́ yẹn. Wọ́n dé Super Bowl, eré àṣekágbá NFL, ní sáà náà, ẹgbẹ́ Colts sì nà wọ́n ní 29 sí 17. Láti ìgbà náà, ìyà ni a ń jẹ, díẹ̀díẹ̀.

Ohun tó sì ń jẹ wá níyà jù lọ ni ọ̀rọ̀ quarterback, ìyẹn ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù tí eré bá bẹ̀rẹ̀, tó ń pinnu ẹni tí yóò jù ú sí. Nínú gbogbo ẹgbẹ́ 32, Bears nìkan ni kò tíì ní ẹni tó ju bọ́ọ̀lù pé 4,000 yáàdì nínú sáà kan. Erik Kramer ló súnmọ́ ọn jù, ó ju 3,838 ní 1995, kò sì sí ẹni tó kọjá rẹ̀ láti ìgbà náà. Nítorí náà, nígbà tí Caleb Williams ti yunifásítì USC, ẹni tó gba Heisman, àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù yunifásítì tó dára jù lọ, ní 2022, bá wà níwájú wọn tí àyè kìn-ín-ní sì wà lọ́wọ́ wọn, kò sí àríyànjiyàn mọ́ lórí ẹni tí wọn yóò mú. Àwọn ọ̀gá Bears kò tíì fi ẹnu ara wọn sọ ọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ọwọ́ sọ ọ́: ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹta, wọ́n gbé Justin Fields, quarterback wa, fún ẹgbẹ́ Pittsburgh.

Iye tí wọ́n gbà lórí rẹ̀ ló dùn mí. Fields yìí ni wọ́n fi àyè ìpele kìn-ín-ní méjì àti àwọn mìíràn rà ní 2021; àyè ìpele kẹfà ti 2025 ni wọ́n gbà padà, tí yóò di ìpele kẹrin bí ó bá gbá bọ́ọ̀lù ju ìdajì sáà lọ níbẹ̀. Délé, ọmọ mi, wọ jẹ́sì 1 rẹ̀ lọ́jọ́ náà nígbà tí ìròyìn dé sórí fóònù rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀. Ó bọ́ jẹ́sì aláró náà, ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ká apá méjèèjì sí inú, ó ká a lẹ́ẹ̀mejì gẹ́gẹ́ bí ìyá mi ṣe máa ń ká aṣọ òkè, ó sì lọ tì í sí abẹ́ àwọn aṣọ ẹbí tí ìyàwó mi kó sínú àpótí, àwọn tí a wọ̀ lẹ́ẹ̀kan tí a kò tún ní wọ̀ mọ́.

Èmi kò gbà pé Fields kò mọ bọ́ọ̀lù. Ní 2022, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sáré 1,143 yáàdì, èyí tí quarterback díẹ̀ ló ṣe é rí, ṣùgbọ́n ní sáà kan náà, ìgbà 55 ni àwọn alátakò gbé e ṣánlẹ̀ kí ó tó rí bọ́ọ̀lù jù. Àwọn tó yẹ kí ó jù ú sí kò tó nǹkan, àwọn tó yẹ kí wọ́n dáàbò bò ó sì ń jẹ́ kí alátakò kọjá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ka iye eré tó pàdánù sí i lọ́rùn.

Ní ti èyí, mo gbóríyìn fún Poles nítorí pé ó ń tún ilé ṣe kí ìyàwó tó wọlé. Moore ti wà níbẹ̀. Ní oṣù Kẹta, ó fi àyè ìpele kẹrin gba Keenan Allen lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Chargers, ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù mú nígbà 108 ní sáà tó kọjá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò pé ọmọ ọdún 32 nínú oṣù yìí tí àdéhùn rẹ̀ sì ku ọdún kan. Ó mú D'Andre Swift wá láti máa gbé bọ́ọ̀lù sáré, ọdún 3 lórí mílíọ̀nù 24 dọ́là. Ó so Jaylon Johnson mọ́lẹ̀ fún ọdún 4 mìíràn. Àwọn tó lọ náà wà: wọ́n dá Eddie Jackson àti Cody Whitehair sílẹ̀, Darnell Mooney sì gba Atlanta lọ. N kò sunkún ẹnìkan nínú wọn. (Nọ́mbà 13 ni Caleb wọ̀ ní USC, òun náà ni Allen wọ̀ ní Chargers. Délé ní òun kò ní ra jẹ́sì kankan títí wọn yóò fi parí ọ̀rọ̀ yìí.)

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù, tí mo sì ti sọ títí ó fi sú àwọn ará ilé mi, ni ti akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ní 2017, Bears gun àyè kan sókè láti lọ mú quarterback Mitchell Trubisky ní ipò kejì, wọ́n fi Patrick Mahomes, tó padà di ìràwọ̀ quarterback, sílẹ̀ fún Kansas City, wọ́n sì gbé ọmọ tuntun náà lé John Fox lọ́wọ́. Sáà náà parí, wọ́n lé Fox. Ní 2021, wọ́n mú Fields, wọ́n gbé e lé Matt Nagy lọ́wọ́. Sáà náà parí, wọ́n lé Nagy. Ọmọdé tí kò tíì mọ ìwé kà, tí olùkọ́ rẹ̀ sì yí padà lẹ́yìn ọdún kan, ṣé yóò yà ọ́ lẹ́nu bí kò bá mọ̀ ọ́n kà? Wàyí o, Matt Eberflus ni wọ́n fẹ́ gbé Caleb lé lọ́wọ́, ẹni tó ti borí nínú eré 10 tó sì pàdánù 24 láàárín sáà méjì. Wọ́n lé igbákejì rẹ̀ tó ń darí ìkọlù ní oṣù Kìn-ín-ní, wọ́n mú Shane Waldron wá láti Seattle, ṣùgbọ́n wọ́n fi ọ̀gá sílẹ̀. Bí nǹkan kò bá dára títí oṣù Kejìlá, wọn yóò lé òun náà, Caleb yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti A, B, D. Bí wọ́n bá ní ìgboyà láti gbé Fields lọ, ó yẹ kí wọ́n ti ní ìgboyà láti yí akọ́nimọ̀ọ́gbá padà kí ọmọ náà tó dé. Ibi tí mo dúró sí nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò sì tíì lè mú mi kúrò níbẹ̀.

Àyè kẹsàn-án wá ni àríyànjiyàn gidi. Àyè mẹ́rin péré ni a ní lápapọ̀: 1, 9, 75 àti 122, torí náà a kò gbọ́dọ̀ ṣì í mú. Lọ́jọ́ Sátidé, mo lọ gẹ irun lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ wa, ará Ìjẹ̀bú-Igbó tó ti pẹ́ níbí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá orúkọ Rome Odunze, ọ̀dọ́ kan tó mọ bọ́ọ̀lù gbá mú, ni, ó bá pa ẹ̀rọ, ó yí àga mi padà kí n lè kọjú sí i, ìdajì orí mi ti dán, ìdajì kò tíì. Ó ní, “Ẹ̀yin tí ẹ ka ìwé yìí! Olúmúyìwá wà níbẹ̀, ẹ sì ń dárúkọ ẹlòmíràn?”

Olumuyiwa Fashanu ló ń sọ, ọmọ wa tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Penn State, tó máa ń dúró ní apá òsì láti dí ọ̀nà mọ́ àwọn tó fẹ́ gbé quarterback ṣánlẹ̀. Ọ̀rọ̀ bàbá náà kì í ṣe ti ẹ̀yà nìkan. Fashanu àti Caleb jọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama kan náà, Gonzaga ní Washington, D.C.; òun ló ń dáàbò bo Caleb nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì kéré. Ẹni tó ti mọ bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe ń rìn, bó ṣe ń sá, ni yóò tún wà níwájú rẹ̀. N kò rí èsì tó yá kíákíá, orí mi sì ṣì ku ìdajì, mo bá dákẹ́.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo tún un rò. A ní Braxton Jones ní apá òsì, a ní Darnell Wright ní apá ọ̀tún, àwọn méjèèjì kò sì burú. Allen lè lọ lẹ́yìn ọdún kan. Odunze gbá bọ́ọ̀lù mú fún 1,640 yáàdì ní yunifásítì Washington ní sáà tó kọjá, ó ga, ọwọ́ rẹ̀ sì dájú. Ìbẹ̀rù mi ni pé kò ní kù sílẹ̀ fún wa, torí Arizona, Chargers àti Giants wà ní ipò 4, 5 àti 6, gbogbo wọn ló ń wá irú rẹ̀. Àfi bí Minnesota, tí Kirk Cousins ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀ lọ sí Atlanta, bá lo àyè 11 àti 23 tó wà lọ́wọ́ wọn láti gun òkè wá mú quarterback tiwọn. Quarterback kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá mú ṣáájú wa ń ti agbábọ́ọ̀lù mìíràn sọ́dọ̀ wa ni. Orí mi ń sọ pé Odunze. Ọkàn mi wà ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù yìí, ni wọn yóò ṣe é ní Detroit, ní aago méje alẹ́ níbí, èyí tí yóò jẹ́ aago kan òru mọ́jú ọjọ́ Jímọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ààwẹ̀ yóò ti parí nígbà náà, nítorí náà má fi oorun ṣe àwáwí. Màá pè ọ́ tó bá ku díẹ̀ kó kàn wá ní ipò kẹsàn-án, màá gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n, kí ìwọ náà lè gbọ́ irú ohùn tí Òyìnbó tó ń pe orúkọ àwọn tí wọ́n mú yóò fi pe Olúmúyìwá, bí ó bá jẹ́ pé òun ni wọ́n mú.

Bá mi kí ìyá, sì fi fọ́tò ìtúnu ààwẹ̀ ránṣẹ́.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Akin