Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Ọmọ Wa Tó Fẹ́ Gun Òkè Vézelay

Ẹ̀yin ọmọ mi tó wà ní Ìlú Ọba,

Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ wa mọ́tò la ìgbèríko Faransé kọjá lásìkò ọlidé yìí. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí Paris nìkan kọ́ ni Faransé. Tí ẹ bá dé agbègbè Burgundy, ẹ yà sí Vézelay, abúlé kékeré kan lórí òkè. Ẹ ó ti máa rí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lókèèrè kí ẹ tó débẹ̀.

Ẹ fi mọ́tò sílẹ̀ nísàlẹ̀, kí ẹ fẹsẹ̀ gun òkè náà. Orúnkún á sọ̀rọ̀, pàápàá orúnkún ẹni tó jẹun yó. Láti orí òkè yìí ni àwọn onígbàgbọ́ ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Santiago de Compostela ní Sípéènì láti ayébáyé, àwọn kan ṣì ń rìn ín títí dòní.

Tí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù, ẹ kí wọn ná. “Bonjour, madame” ni kó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu yín. Ilé ni ẹ ti kọ́ ìkíni, ṣùgbọ́n Lọ́ńdọ̀nù ti ba àwọn kan nínú yín jẹ́: ẹ ó kàn na káàdì síwájú òǹtajà láì sọ̀rọ̀. Lọ́hùn-ún, àrífín ni. Tí wọ́n bá sì ti ilẹ̀kùn lọ́sàn-án, ẹ má bínú, wọ́n lọ jẹun ni.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta, ọdún 1146, Bernard ti Clairvaux, olórí ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn kan, wàásù ní Vézelay níṣojú Ọba Louis VII ti Faransé, pé kí àwọn Kristẹni lọ jagun ní agbègbè Jerúsálẹ́mù. Ogun ọ̀hún ò so èso rere kankan. Egungun tí wọ́n ní ó jẹ́ ti Màríà Magdalene ló sọ ìlú náà di ńlá; nígbà tí àwọn ará Provence ní gúúsù Faransé kéde ní 1279 pé ọ̀dọ̀ àwọn ló wà, èrò bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Nígbà tó di 1840, ṣọ́ọ̀ṣì ti fẹ́ẹ̀ wó. Viollet-le-Duc, ayàwòrán ilé tó jẹ́ ọmọ ọdún 26 péré, ni wọ́n fa àtúnṣe rẹ̀ lé lọ́wọ́. (Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ẹ ṣì kéré, ẹ gbọ́?)

Kí ẹ tó wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì gan-an, ẹ dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ gbójú sókè wo ère tó wà lókè ilẹ̀kùn àárín. Jésù ló jókòó láàárín, tí ìtànṣán ń ti ọwọ́ rẹ̀ lọ sórí àwọn àpọ́sítélì. Ẹ wá wo ẹ̀gbẹ́ ère náà yí ká: àwọn ará ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n gbẹ́ síbẹ̀. Àwọn kan ní orí ajá, àwọn kan ní etí fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, àwọn kan kúrú débi pé àkàbà ni wọ́n fi ń gun ẹṣin! Ẹni tó gbẹ́ ère náà ò rí irú wọn rí, àhesọ ló fi gbẹ́ òkúta. Nítorí náà, ẹ má fi wákàtí kan tí ẹ lò ní Vézelay ròyìn gbogbo ará Faransé fún wa lórí WhatsApp. Tí ìyá àgbà kan bá tẹjú mọ́ yín, ẹ kí i. Ó lè jẹ́ aṣọ yín ló wù ú.

Tí ẹ bá lè dúró di nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà, oòrùn ọ̀sán a máa gba fèrèsé òkè wọlé, a sì to ìmọ́lẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ sí àárín gbùngbùn ṣọ́ọ̀ṣì títí dé iwájú. Ẹ má lọ ní aago méjìlá o. Aago ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn máa ń ṣáájú oòrùn, ó di ìgbà tó bá ku díẹ̀ kí aago méjì ọ̀sán lù. Èrò a máa pọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ tètè débẹ̀, kí ẹ sì pa ìró fóònù.

Èmi ni,
Bàbá yín