Ta ló ń ta bẹ́ẹ̀dì ìjọba fún wa nínú họ́stẹ̀lì?

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí síta torí inú ń bí mi gan-an ni. Lọ́sẹ̀ yìí ni wọ́n ṣí pọ́tàlì họ́stẹ̀lì ní yunifásítì ìjọba tí mo wà, òru ni wọ́n sì ṣí i gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, gbogbo wa jókòó ti fóònù pẹ̀lú dátà tá a fowó oúnjẹ rà, pọ́tàlì ń yí, ó ń yí, ó ń yí, nígbà tó máa fi ṣí, ó ní bedspace ti tán. Ó dáa, ó tán náà ni, ọdọọdún là ń gbọ́ ọ. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí wọ́n fi gbé e sórí WhatsApp pé bedspace wà fún títà, bùlọ́ọ̀kù báyìí, rúùmù báyìí, bẹ́ẹ̀dì òkè àbí ti ìsàlẹ̀, "last price", ẹ DM. Ẹnì kan tiẹ̀ ya fọ́tò bẹ́ẹ̀dì náà, fóòmù tó ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́, pákó méjì lábẹ́ ẹ̀, ó wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ibẹ̀ ò jìnnà sí ẹ̀rọ omi. Iye tó pè é ju ìlọ́po mẹ́ta iye tí ilé ìwé ń gbà lọ.

Mo wá ń béèrè o, bẹ́ẹ̀dì tó tán lóru, báwo ló ṣe dọjà láàárọ̀?

Mi ò ní dárúkọ ilé ìwé mi, ẹ má bínú, mo ṣì fẹ́ gbàwé ẹ̀rí mi kí n sì bá ibẹ̀ jáde ní àlàáfíà. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ti kàwé ní yunifásítì ìjọba nílẹ̀ yìí tí ò mọ nǹkan tí mò ń sọ. Wọ́n á ní àwọn jámbáìtì, ìyẹn àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, àtàwọn tó wà ní fáínà íyà ló ni àǹfààní àkọ́kọ́, káwa tá a wà láàárín máa ballot, ká máa du èyí tó kù lórí pọ́tàlì. Lára àwọn jámbáìtì yẹn, ilé òbí àwọn kan ò jìnnà sí géètì, wọn ò nílò bẹ́ẹ̀dì kankan, wọ́n á sanwó ẹ̀ lórí pọ́tàlì, wọ́n á tà á. Àwọn stéláìtì, ìyẹn àwọn tó ti pẹ́ nílé ìwé, tó ń lọ fún IT ńkọ́, iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ tí wọ́n tún ń pè ní SIWES, àwọn tó máa fi oṣù mẹ́fà wà níta, wọ́n á gba bẹ́ẹ̀dì kí wọ́n tó lọ, wọ́n á tà á. Ìyẹn ṣì kéré, torí ti ọmọ ilé ìwé nìyẹn. Àwọn bẹ́ẹ̀dì tí ò dé orí pọ́tàlì rárá ńkọ́? Àwọn tí wọ́n ní wọ́n "reserve", tẹ́nikẹ́ni ò mọ ẹni tí wọ́n reserve ẹ̀ fún, tó jẹ́ pé bó bá ti di ọ̀sẹ̀ kejì sáà ẹ máa rí àjèjì lórí ẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì bi í pé ta ló fún un, á ní "ọ̀gá kan ló bá mi ṣe é". Ọ̀gá wo? Ọ́fíìsì wo? Ẹnu á wá wọ́lẹ̀.

Ẹni tó gbé epo lájà ò jalè tó ẹni tó gbà á, mo mọ̀, àwọn tó ń rà náà ò mọ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọ tó wá láti Ṣakí tàbí Òkìtìpupa bá dúró sí géètì pẹ̀lú Ghana-must-go lálẹ́, kí lẹ fẹ́ kó ṣe?

Èmi o, mò ń skọ́tì lọ́dọ̀ ọmọ ìlú wa kan ni, mi ò ní bẹ́ẹ̀dì tèmi, rúùmù ẹ̀ ni mò ń bá a sùn. Rúùmù tí wọ́n kọ́ fún èèyàn mẹ́rin ni, ẹ wá wò ó lóru. Bọ́ńkì ló kún ibẹ̀ báyìí, onílé àti skọ́tà ni wọ́n jọ ń sùn lórí ẹ̀, orí ẹnì kan lẹ́bàá ẹsẹ̀ ẹnì kejì, àwa tí ò rí ti bọ́ńkì á tẹ́ ẹní sáàárín, àfi ká kọ́kọ́ ti ìkòkò àti sítóòfù wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí ẹsẹ̀ tó ríbi nà sí. Fáànù kan ló wà lókè, ìgbà tí wọ́n bá múná wá nìkan ló ń yí. Tó bá wá di ìdájọ́, ẹ má bínú, ìdájí ni mo fẹ́ kọ, àmọ́ ìdájọ́ náà ni, póótà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ilẹ̀kùn, "Skọ́tà, ẹ jáde o! ID card dà?", ká máa sá kiri kọ́rídọ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu títí á fi lọ. Póótà yẹn kan náà, tẹ́ ẹ bá ti fún un ní nǹkan, kì í mọ nọ́ńbà rúùmù yín mọ́. Ti ìdun, mi ò fẹ́ sọ ọ́, torí ìdun ò bi wá bóyá a sanwó àbí a ò san. Ẹlòmíì ò tiẹ̀ ríbi skọ́tì sí, inú kíláàsì ló ń sùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń kọjá á rò pé TDB ló ń kà, ìwé àkàmọ́jú, ìwé wà níwájú ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀ nìyẹn, táwẹ́ẹ̀lì àti ọṣẹ wà nínú báàgì ẹ̀.

Àwọn kan á ní kí ló dé tẹ́ ò lọ gbalé níta. Ẹ lọ béèrè ilé ní Agbowó n'Ìbàdàn, ní Bàrígà l'Ékòó, àbí ní Tanke n'Ílọrin, kẹ́ ẹ wá padà wá bá mi. Lándílọ́ọ̀dù á ní kó o san ọdún kan, ẹ̀jẹ́ńtì á gba tiẹ̀, lọ́yà á gba agreement, wọ́n á tún ní kó o mú caution fee wá, fún yàrá kan tó jẹ́ pé kànga àdúgbò lo ti máa pọnmi. Látìgbà tí wọ́n sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ nìkan tó kí èèyàn pa kíláàsì jẹ. Mi ò tíì sọ ti ọmọbìnrin tó bá jáde ní lábù lálẹ́ o.

Àwọn àgbà tó kàwé ṣáájú wa máa ń sọ ọ́ fún wa bí ẹni ń pìtàn ìjàpá, pé wọ́n ń fọṣọ fún wọn, pé adìyẹ ni wọ́n ń jẹ lọ́jọ́ Sunday. Ẹ kúuṣẹ́. Ohun tó yẹ ká rántí níbẹ̀ ni ti 1978, tí ìjọba ológun fowó kún owó họ́stẹ̀lì láti 30 náírà sí 90 náírà, tí wọ́n sì gbé owó oúnjẹ láti náírà kan ààbọ̀ sí náírà méjì lóòjọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kárí Nàìjíríà tú síta, "Ali Must Go", torí Ahmadu Ali ni kọmíṣọ́nnà ẹ̀kọ́ nígbà náà, wọ́n yìnbọn, Akíntúndé Òjó tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ UNILAG wà lára àwọn tó kú. Ẹ̀mí lọ sí i. 90 náírà yẹn kan náà ni ìjọba àpapọ̀ ṣì ń pè lówó bẹ́ẹ̀dì fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí 90 náírà ò lè ra búrẹ́dì gidi mọ́. Ẹ bá mi wò ó dáadáa. Owó tó kéré báyẹn lórí ìwé ò kọ́ họ́stẹ̀lì tuntun, kò tún ti àtijọ́ ṣe, ṣùgbọ́n ó di èrè fún ẹni tó bá ti lè dì í mú, torí ilé wọ́n níta. Àárín iye tí ilé ìwé ń gbà àti iye tí lándílọ́ọ̀dù ń gbà, ibẹ̀ gan-an làwọn tó ń ta bẹ́ẹ̀dì pàgọ́ sí. Ní báyìí ilé ìwé ti fowó kún un, wọ́n ti fi kún gbogbo nǹkan láti 2023, àwọn tó ń tà náà sì fi kún tiwọn. Kò sóhun tó yí padà àfi iye.

Tá a bá ké, àwọn ọ̀gá á ní akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ jù. Òótọ́ ni pé a pọ̀. Ìyanṣẹ́lódì ASUU tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2022, tí wọn ò dá a dúró títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá, oṣù mẹ́jọ gbáko, nígbà tí wọ́n máa fi wọlé, àwọn tó yẹ kó ti jáde ṣì wà nílẹ̀, JAMB ti tún to àwọn mìíràn sẹ́nu ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ò bímọ. Mo gbà. Ṣùgbọ́n pípọ̀ tá a pọ̀ kọ́ ló ń ta bẹ́ẹ̀dì. Èèyàn ló ń tà á. Ohun tó bá wọ́n gan-an ló yẹ ká máa fojú tó, kí wọ́n má fi wíwọ́n tó wọ́n ṣàwáwí fún wa.

Ti ẹ̀yáwó NELFUND tí ìjọba àpapọ̀ ń yá akẹ́kọ̀ọ́ tún wá dùn mí jù. Mo dúpẹ́ o, èmi náà wà lára àwọn tó ń gbà á. Owó ilé ìwé, ilé ìwé ni wọ́n ń san án fún tààrà, wọ́n sì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní 20,000 náírà lóṣù láti fi gbọ́ bùkátà. Kí lẹ rò pé ń ṣẹlẹ̀ sí 20,000 yẹn? Ẹni tó ń ta bẹ́ẹ̀dì ń gbà á ní díẹ̀díẹ̀, ó ti di ìnsítọ́ọ̀mẹ́ǹtì. Gbèsè la sì jẹ o, a máa san án padà lẹ́yìn àgùnbánirọ̀ tá a bá ríṣẹ́. Ẹ̀yin ọmọ Nàìjíríà, àwa ń jẹ gbèsè ìjọba láti fi ra bẹ́ẹ̀dì ìjọba lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe ìjọba!

Àwọn tọ́rọ̀ yìí kàn mọ̀ ọ́n, wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gba họ́stẹ̀lì yìí kan náà kọjá. Wọ́n á sọ̀rọ̀ ńlá níbi matriculation, wọ́n á ní ẹnikẹ́ni tọ́wọ́ bá tẹ̀ pé ó ń ta bedspace, wọ́n á lé e. Ta ni wọ́n lé rí? Skọ́tà ni wọ́n ń lé. Àwọn aṣojú akẹ́kọ̀ọ́ náà, tí wọ́n bá ń wá ìbò wọ́n á ní àwọn á jà fún wa, tí wọ́n bá dépò, wọ́n ń pín bẹ́ẹ̀dì fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn. Aluta dà?

Ohun tí mo rò pé kí wọ́n ṣe rèé, kò sì le. Ìka ni kí wọ́n lò. JAMB ń tẹ ìka wa ká tó wọlé ṣèdánwò, ilé iṣẹ́ fóònù ń tẹ ìka wa ká tó gba síìmù, kí ló dé tí bẹ́ẹ̀dì tó jẹ́ dúkìá ìjọba ò gbọdọ̀ mọ ìka ẹni tó ń sùn lórí ẹ̀? Kí wọ́n gbé ẹ̀rọ kan sí ọ́fíìsì póótà ní họ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, kékeré tó ń lo bátìrì, torí mo mọ̀ pé wọ́n máa ní kò síná. Ẹni tó bá gba bẹ́ẹ̀dì, kó máa tẹ ìka ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ìgbà tó bá wù ú, kò ní gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹni tí ìka ẹ̀ bá di àwátì fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí bẹ́ẹ̀dì yẹn padà sórí pọ́tàlì fún ẹni tó kàn lórí ìlà, kí wọ́n sì lẹ ìlà yẹn mọ́ ẹnu ọ̀nà họ́ọ̀lù pẹ̀lú nọ́ńbà matric, kí kálukú rí ibi tó wà, kí ẹnikẹ́ni má fò kọjá lórí wa lóru. Tára èèyàn ò bá yá, kó mú ìwé wá láti kílíníìkì. Ẹni tó ń lọ fún IT, kó dá bẹ́ẹ̀dì padà kó tó lọ, kí wọ́n dá owó tó kù fún un, tó bá dé kí wọ́n fi í síwájú ìlà, kó má bàa di pé ó ń tà á torí pé owó ẹ̀ fẹ́ ṣòfò. Àwọn bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n reserve náà, kí wọ́n lẹ nọ́ńbà wọn àti ọ́fíìsì tó ní kí wọ́n reserve wọn mọ́bẹ̀. Tí bẹ́ẹ̀dì yẹn bá jẹ́ ti aláàbọ̀ ara tàbí eléré ìdárayá, ta ló máa bínú? Èèyàn lè gba owó kó fi ID card yá ẹlòmíì, ṣùgbọ́n kò lè fi àtàǹpàkò ẹ̀ yá a. Ẹ má sì sọ fún mi pé kò sówó láti ra ẹ̀rọ, owó táwọn kan ń rí lórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń tà ní họ́ọ̀lù kan ṣoṣo ti tó o rà.

Kí wọ́n tún kọ́ họ́stẹ̀lì sí i, kí wọ́n tún omi ṣe. Àwọn họ́stẹ̀lì aládàáni tí wọ́n ń kọ́ sínú ọgbà, ọmọ olówó ló ń gbé ibẹ̀, mi ò lọ́rọ̀ púpọ̀ sọ lórí ẹ̀.

Wọ́n ní ballot kejì máa wáyé fún àwọn bẹ́ẹ̀dì tó ṣẹ́ kù. Kí wọ́n tó ṣí pọ́tàlì, ẹ bá wa bi wọ́n nínú ìwé ìròyìn yín: bẹ́ẹ̀dì mélòó ló wà, mélòó ló dé orí pọ́tàlì, mélòó ni wọ́n reserve, ta ni wọ́n reserve ẹ̀ fún? Kí wọ́n fèsì pẹ̀lú nọ́ńbà.

Èmi ni tiyín,
Skọ́tà, 300 level
Yunifásítì ìjọba kan, ìwọ̀ oòrùn gúúsù