Ẹ jẹ́ kí ọmọ darí ìpàdé, ẹ má sọ ọ́ di adájọ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama tó ń kó ojúgbà wọn jọ láti sọ̀rọ̀ lórí ìfòòró-ẹni orí íntánẹ́ẹ̀tì la fẹ́ bá àwọn òǹkàwé yín sọ. Ohun tó dára ni. Ọmọ ọdún 16 mọ ohun tó ń lọ lórí status ẹgbẹ́ rẹ̀ ju olùkọ́ tó ti lé ní àádọ́ta ọdún lọ, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ náà sì máa ń gbọ́ tirẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ṣe ń ṣètò rẹ̀ ló ń kọ wá lóminú. Wọ́n á mú ọmọ kan, wọ́n á ní kó máa darí ìpàdé, wọ́n á wá di ẹrù olùkọ́, ti òbí àti ti ọlọ́pàá lé e lórí. Kì í pẹ́ tí ẹrù náà fi ń wọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ìfòòró yìí kì í sábà ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kò gba fóònù láyè, nítorí náà alẹ́, òpin ọ̀sẹ̀ àti ìgbà ìsinmi ni gúrúùpù WhatsApp kíláàsì máa ń gbóná. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ á ní ilé ló ti ṣẹlẹ̀. Òbí á ní àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀ ló ṣe é. Kí àwọn méjèèjì tó jiyàn tán, wọ́n ti fi fọ́tò ọmọ kan ṣe sítíkà, gbogbo SS1 sì ti rí i kí agogo àárọ̀ tó dún. Àlàfo yìí ni ìpàdé ojúgbà lè dí, bí a bá ṣe é bó ṣe yẹ.

Ìpàdé kì í ṣe àsẹ́ńbìlì. Bí ẹ bá kó igba ọmọ jọ sínú gbọ̀ngàn, ọ̀rọ̀ ìyànjú ni wọ́n máa gbọ́, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á lọ jẹun. Ọmọ 12 sí 15 ti tó, kí wọ́n to àga yíká, kí JSS3 wà pẹ̀lú JSS3. Kí olórí wọn jẹ́ méjì, ọkùnrin kan, obìnrin kan, tí wọ́n fi ọdún kan tàbí méjì ju àwọn tó kù lọ. Ẹ má mú pírífẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ń kọ orúkọ aláriwo sílẹ̀ láàárọ̀, ta ló máa tú inú rẹ̀ síta níwájú rẹ̀ lọ́sàn-án? Ogójì ìṣẹ́jú, ìyẹn pírẹ́ọ́dù kan, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì ni kó jẹ́. Bí ẹ bá yọ ọ̀sẹ̀ ìdánwò kúrò nínú táàmù, ìpàdé bíi márùn-ún ló máa kù, ìyẹn sì tó.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé olórí á dìde, á béèrè pé, “Ta ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí?” Ọmọ kan á nawọ́, á sọ tẹnu rẹ̀, á tilẹ̀ sunkún. Kó tó di aago mẹ́jọ alẹ́, ohun tó sọ ti wà lórí gúrúùpù. Ìpàdé tó yẹ kó gbà á ló wá fún wọn ní ohun tí wọ́n á fi ṣe é ní yẹ̀yẹ́. Àpẹẹrẹ àtọwọ́dá ni kí olórí máa lò: kó kọ ọ̀rọ̀ bíi mẹ́ta sínú ìwé, irú èyí tí ojúgbà lè fi ránṣẹ́, bíi “Ẹ wo bàtà lágbájá, ṣé ti bàbá ẹ̀ ni?”, kí wọ́n jọ tú u palẹ̀. Àpótí ìbéèrè náà dára, àmọ́ ó lọ́nà tí wọ́n ń gbà ṣe é. Kí wọ́n gé ìwé sí ìwọ̀n kan náà, kí gbogbo wọn kọ nǹkan sí i. Ẹni tí kò ní ìbéèrè á kọ “mi ò ní”. Bí àwọn mẹ́ta péré bá kọ̀wé, gbogbo kíláàsì ti mọ àwọn mẹ́ta ọ̀hún nìyẹn. Bí ènìyàn ṣe ń kọ̀wé pàápàá ń tú àṣírí, nítorí náà olùkọ́ ni kó ṣí àpótí, kó fọwọ́ ara rẹ̀ tún ìbéèrè kọ kó tó gbé e fún olórí.

Àwọn ọmọ á kọ́kọ́ takú pé yábíìs lásán ni. Ẹ má jágbe mọ́ wọn, torí òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Yorùbá mọ èébú eré dáadáa. Lọ́jọ́ Òkèbàdàn, ẹni tó bá jáde nílùú Ìbàdàn mọ̀ pé wọ́n lè fi orin bú òun dé ibi tí kò ṣeé kọ sínú ìwé ìròyìn yín, kò sì ní bínú, nítorí gbogbo ìlú ló mọ ọjọ́ náà, ilẹ̀ á sì ṣú kí orin náà parí. Ti orí fóònù kì í parí. Ẹni kan lè fi í ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ogójì èèyàn tún un fi ránṣẹ́. Lójú ẹni tí wọ́n ń bú, ìgbà ogójì ni wọ́n bú u. Ohun tí olórí lè ní kí wọ́n fi dá a mọ̀ rèé: bí ẹni tí wọ́n ń bú kò bá lè dá a padà, tàbí tó bá ní “ó tó” tí wọn ò dáwọ́ dúró, tàbí tí wọ́n bá gbé e lọ síbi tí òun fúnra rẹ̀ kò sí, yábíìs ti tán níbẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ìpàdé máa wá ọ̀daràn kiri. Ẹni tó ń fòòró ọmọ lónìí lè jẹ́ ẹni tí wọ́n fòòró lánàá. Àwọn òǹwòran ni kí ẹ dojú kọ. Ní orílẹ̀-èdè Finland, ètò KiVa tí Yunifásítì Turku ṣe fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gbé ara lé èyí gan-an: nítorí àwọn tó ń wò ni ẹni náà ṣe ń ṣe é, bí ẹ̀rín wọn bá dín, okun ẹni tó ń fòòró náà á dín. Kí wá ni òǹwòran máa ṣe? Kó má fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, kó má fi èmójì ẹ̀rín sí i. Kó kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú sí ẹni tí wọ́n bú, ní ìkọ̀kọ̀: “Mo rí i. Ohun tí wọ́n ṣe yẹn ò dáa. Ṣé ká jọ lọ sọ fún áńtí?” Kó tún pe ádímíìnì gúrúùpù, nítorí ádímíìnì lè pa ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn rẹ́ lójú gbogbo èèyàn, ó sì lè ti gúrúùpù pa kí ẹnikẹ́ni má lè kọ nǹkan títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó jẹ́ ádímíìnì kò mọ̀ pé àṣẹ yìí wà lọ́wọ́ wọn. Kí ẹnì kan má dá jáde láti bá wọn jà lórí gúrúùpù o. Òun ni wọ́n á yíjú sí. Bí méjì tàbí mẹ́ta bá jọ kọ ọ́ pé “ẹ jẹ́ ká fi èyí sílẹ̀”, ó máa ń yàtọ̀. Nítorí pé fóònù kò sí nílé-ẹ̀kọ́, kí wọ́n fi bírò kọ àwọn ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé, kí wọ́n kà á sókè. Ọmọ tí kò kọ irú rẹ̀ rí kò ní rántí rẹ̀ lóru.

Àwọn líǹkì tó ń ní kí ojúgbà fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láìdárúkọ ara wọn náà wà níbẹ̀. Ó yẹ káwọn ọmọ mọ̀ pé ní oṣù keje ọdún 2024, àjọ FTC ti ìjọba Amẹ́ríkà, tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, fẹ̀sùn kan NGL, ilé-iṣẹ́ tó ní irú líǹkì bẹ́ẹ̀, pé òun fúnra rẹ̀ ló ń fi àwọn ìbéèrè kan ránṣẹ́, bíi pé ọ̀rẹ́ oníbàárà ló kọ ọ́. Ilé-iṣẹ́ náà gbà láti san mílíọ̀nù 5 dọ́là, àti láti má gba ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 láyè mọ́. Bí olórí bá sọ èyí fún wọn, ó máa ń wọ̀ wọ́n lára ju ìkìlọ̀ lọ.

Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ jù ni ti ẹ̀rí. Inú á bí ọmọ, á pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, á block ẹni náà, á jáde nínú gúrúùpù. Nígbà tí olùkọ́ bá máa béèrè, fóònù ti mọ́ fóó. Screenshot ni kó kọ́kọ́ ṣe. Kí ọjọ́ àti aago hàn, kí ọ̀rọ̀ tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e wà níbẹ̀, kó má gé e. Orúkọ tó hàn lókè kò ṣeé gbára lé, torí ẹnikẹ́ni lè fi orúkọ tó wù ú pa nọ́ńbà mọ́. Kó tẹ orúkọ náà kí nọ́ńbà jáde, kó ya ìyẹn náà. Kó má fi falẹ̀, nítorí wákàtí 24 ni status ń lò, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sì ṣètò pé kó máa pòórá lè lọ lẹ́yìn wákàtí 24, ọjọ́ 7 tàbí ọjọ́ 90. Lẹ́yìn èyí ló tó lè fi ẹjọ́ sun WhatsApp. Ọ̀rọ̀ 5 tó kẹ́yìn tí ẹni náà fi ránṣẹ́ ni ilé-iṣẹ́ náà máa gbà, wọn kì í sì í sọ fún un. Àmọ́ kó ṣọ́ra fún àpótí kékeré tó ń bá a jáde, èyí tó ń fẹ́ block ẹni náà kó sì pa ọ̀rọ̀ rẹ́ pọ̀.

Fọ́tò ìhòòhò ọmọdé yàtọ̀ pátápátá. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe screenshot rẹ̀, wọn kò gbọdọ̀ fi í ránṣẹ́ sí olùkọ́ “kí wọ́n lè rí i”. Abala 23 òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015 ka níní in àti pípín in sí ẹ̀ṣẹ̀. Kí ọmọ kọ ọjọ́, aago, nọ́ńbà àti orúkọ gúrúùpù sínú ìwé, kó lọ bá àgbàlagbà. Bí wọ́n bá ń béèrè owó kí wọ́n má baà tú u síta, kó má san kọ́bọ̀. Ẹni tó bá rí owó gbà máa ń padà wá. Ètò kan wà tó ń jẹ́ Take It Down, tí NCMEC, àjọ kan tó ń dáàbò bo ọmọdé ní Amẹ́ríkà, ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ fún fọ́tò tí wọ́n yà nígbà tẹ́ni náà kò tíì pé 18. Àmì oní-nọ́ńbà ni wọ́n ń fà yọ lára fọ́tò, fọ́tò fúnra rẹ̀ kì í kúrò lórí fóònù ọmọ, àwọn bíi Facebook, Instagram, TikTok àti Snapchat sì ń fi àmì náà wá a. Kò lè dé inú WhatsApp, torí ọ̀rọ̀ ibẹ̀ wà ní títì pa, àwọn tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nìkan ló lè rí i.

Nípa òfin, abala 24(1) ti òfin 2015 yẹn, tó ka fífi irú àwọn ọ̀rọ̀ burúkú kan ránṣẹ́ sí ẹ̀ṣẹ̀, tí wọ́n sì tún ṣe lọ́dún 2024, lè mú kí ènìyàn san tó mílíọ̀nù 7 náírà, tàbí kó lo tó ọdún 3 lẹ́wọ̀n, tàbí méjèèjì. Àwọn kan fẹ́ràn láti máa ka èyí sí àwọn ọmọ létí bí ẹni ń ka èpè. Àwa ò gbà pé ó dára. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 sọ pé ọ̀nà ti ọmọdé ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbà bá ẹni tí kò tíì pé 18 ṣẹjọ́, àwọn ọmọ á sì tètè mọ̀ pé ẹ̀rù lásán lẹ fi ń bà wọ́n. Wọn ò ní gba ìyókù gbọ́.

Olórí ìpàdé kì í ṣe agbaninímọ̀ràn. Olùkọ́ kan gbọ́dọ̀ wà nítòsí, kó jókòó sẹ́yìn, kó má gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Bí ẹnì kan bá sọ pé òun fẹ́ pa ara òun, tàbí tí ọ̀rọ̀ bá kan fọ́tò ìhòòhò, owó, tàbí àgbàlagbà, ọjọ́ yẹn náà ló gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ olùkọ́. Nítorí náà olórí kò gbọdọ̀ ṣèlérí àṣírí. Kó mọ gbólóhùn yìí sórí: “Bí ohun tó o fẹ́ sọ bá jẹ́ èyí tó lè pa ọ́ lára, mi ò ní lè dá a mọ́ra, àwa méjèèjì la máa jọ lọ bá áńtí.” Kí wọ́n pààrọ̀ olórí ní táàmù táàmù, torí òun náà lè di ẹni tí wọ́n á dojú sọ. Kí ẹnikẹ́ni má sì dá gúrúùpù WhatsApp sílẹ̀ fún ìpàdé yìí lórí nọ́ńbà olórí.

Ẹ̀yin òbí, ohun tó ń di ọ̀pọ̀ ọmọ lẹ́nu ni pé wọ́n mọ̀ pé bí àwọn bá sọ ọ́, ẹ ó gba fóònù. Lójú ọmọ, òun tí wọ́n bú lẹ tún fìyà jẹ. Ẹ sọ fún un ṣáájú pé ẹ ò ní gbà á, kí ẹ sì dúró lórí ọ̀rọ̀ yín.

Kí ìpàdé tó kẹ́yìn nínú táàmù bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìdánwò, torí ìsinmi ló ń bọ̀ yẹn, ìgbà yẹn ni gúrúùpù máa ń le jù. Kí olùkọ́ kọ nọ́ńbà tí wọ́n lè pè nígbà ìsinmi sójú pátákó, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan dà á kọ sẹ́yìn ìwé rẹ̀. Kó má jẹ́ inú fóònù nìkan ló máa wà, nítorí àwọn òbí kan ṣì máa gbà á.

Àwa olùkọ́ agbaninímọ̀ràn kan,
Ìbàdàn.