Bí wọ́n bá ti rí kókó nínú ọyàn, kí ló kàn?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Bí oṣù kẹwàá ọdún bá ti wọlé ni àwọn ìwé ìròyìn wa máa ń rọ àwọn obìnrin pé kí wọ́n máa yẹ ọyàn wọn wò, ìyẹn sì dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí kókó kì í sábà rí ẹni tí yóò sọ ohun tó kàn fún un, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń yà sọ́dọ̀ alágbo títí kókó yóò fi bẹ́.

Ohun tó ń lé wọn ni ìgbàgbọ́ pé bí irin bá fi lè kan kókó náà, ṣe ni yóò tàn ká ara. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní biopsy ni pé kí dókítà fi oògùn pa ojú ibẹ̀, kí ó fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ nínú kókó, kí wọ́n sì gbé e lọ yẹ̀ wò. Ẹni tó bá ń tọ́jú kókó láìṣe èyí, ó kàn ń méfò ni, nítorí ọ̀pọ̀ kókó ọyàn ni kì í ṣe jẹjẹrẹ rárá, pàápàá lára ọ̀dọ́bìnrin.

Bí ó bá wá jẹ́ jẹjẹrẹ, ẹ béèrè irú èyí tó jẹ́. Mo ti rí ìwé èsì tí aláìsàn ká mẹ́rin sínú pọ́ọ̀sì, tí kò sọ ju pé jẹjẹrẹ ni lọ, tí wọ́n sì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú lórí rẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ló yẹ kí ìwé èsì sọ bóyá wọ́n wà lára jẹjẹrẹ náà: ibi tí hòmóònù obìnrin méjì, estrogen àti progesterone, ti ń so mọ́ ọn, àti HER2, èròjà kan tó ń mú un yára dàgbà. Èyí tó bá ń fi hòmóònù dàgbà, oògùn oníhóró bíi tamoxifen, tí wọ́n sábà máa ń lò fún ọdún 5 ó kéré tán, wúlò fún un. Èyí tí HER2 pọ̀ lára rẹ̀ ní oògùn tirẹ̀, trastuzumab, owó rẹ̀ sì ga. Èyí tí kò ní ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tamoxifen kò lè ràn án. Kẹ́mò, ìyẹn oògùn líle tó ń pa jẹjẹrẹ, ni wọ́n ń gbójú lé jù. Irú ìkẹyìn yìí ló wọ́pọ̀ lára obìnrin Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ju ti òyìnbó lọ, gẹ́gẹ́ bí ìwádìí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé ti Yunifásítì Chicago àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn ti fi hàn.

Ní ti gígé ọyàn, bí kókó bá ṣì kéré, wọ́n lè yọ kókó nìkan, kí wọ́n sì fi ìtànṣán tọ́jú ibẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n fi 20 ọdún ṣe ní Amẹ́ríkà, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2002, fi hàn pé ẹ̀mí àwọn tó ṣe báyìí kò kúrú ju ti àwọn tí wọ́n gé gbogbo ọyàn wọn lọ. Àmọ́ ẹ̀rọ ìtànṣán ṣọ̀wọ́n ní Nàìjíríà. Ẹni tí kò lè máa dé ìdí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, gígé lè sàn fún un.

Fífún ọmọ lọ́yàn pẹ́, dídín ọtí kù àti ṣíṣọ́ ìsanra ń dín ewu jẹjẹrẹ ọyàn kù, wọn kò mú un kúrò. Mammogram, ìyẹn fọ́tò inú ọyàn tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ X-ray yà, ni wọ́n ń gba àwọn tó ti pé 40 ọdún nímọ̀ràn ní Amẹ́ríkà. Fún èwe tí ọyàn rẹ̀ ṣì ki, skánì (ultrasound) sábà máa ń ríran ju ìyẹn lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún dókítà kan ní ojú ewé lóṣooṣù, kí ó máa sọ ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò mẹ́ta yẹn àti iye tí wọ́n ń gbà.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín láti Ìbàdàn