Ilé Olùkọ́ àti Nọ́ọ̀sì Ìgbèríko: Ẹ Dán Yẹ̀pẹ̀ Wò Kí Ẹ Tó Ra Ẹ̀rọ

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa láyè ká sọ̀rọ̀ lórí ilé àwọn olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti àgùnbánirọ̀ tí ìjọba ń rán lọ sí ìgbèríko. Abúlé tí kò bá nílé tó ṣeé gbé fún wọn, ìlú ńlá ni wọ́n á ti máa wá. Bí òjò bá ba ọ̀nà jẹ́, kíláàsì á ṣófo. Bí aboyún bá rọbí lóru, nọ́ọ̀sì ò sí nítòsí.

Yẹ̀pẹ̀ pupa tó wà nílẹ̀ ní Òkè-Ògùn àti Ìbàràpá tó kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀, ìyẹn búlọ́ọ̀kù amọ̀ tí a po sìmẹ́ńtì díẹ̀ mọ́, tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀. Àwọn tó ń polówó rẹ̀ máa ń ní sìmẹ́ńtì ló ń dín kù. Ibẹ̀ ni a ò ti gbà. Bí yẹ̀pẹ̀ bá jẹ́ òṣùwọ̀n 16 sí sìmẹ́ńtì òṣùwọ̀n 1, àpò sìmẹ́ńtì kan á fún wa ní búlọ́ọ̀kù bíi 80 sí 90, èyí tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 29, tó fẹ̀ ní 14, tó ga ní 10. Ìyẹn á mọ ògiri tó gùn tó mítà 3, tó ga ní mítà 1. Búlọ́ọ̀kù yanrìn oníhò, oní-íǹṣì mẹ́sàn-án, bíi 30 nínú àpò kan, ògiri kan náà ló máa mọ. Ibi tí èrè wà ni pé a ò ní fi típà gbé yanrìn láti odò tó jìnnà, a ò sì ní rẹ́ ìta ilé. Irú búlọ́ọ̀kù amọ̀ tó ń wọnú ara wọn, tí NBRRI, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèwádìí lórí ilé kíkọ́ àti ọ̀nà, ṣe ẹ̀rọ rẹ̀ ní Ọ̀tà, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ nílò àpòpọ̀ sìmẹ́ńtì láàárín.

Kí ẹ tó ra ẹ̀rọ, ẹ kọ́kọ́ dán yẹ̀pẹ̀ wò. Ẹ wa ilẹ̀ dúdú ti òkè kúrò, nítorí gbòǹgbò àti ewé jíjẹrà inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí sìmẹ́ńtì dì dáadáa. Ẹ kan àpótí pákó tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, tó fẹ̀ ní 4, tó jìn ní 4. Ẹ fi òróró pa inú rẹ̀, ẹ fi yẹ̀pẹ̀ tí ẹ fi omi nìkan po, láìsí sìmẹ́ńtì, kún un, ẹ sá a sóòrùn fọ́jọ́ mẹ́ta. Ẹ ti yẹ̀pẹ̀ tó ti gbẹ náà sí ìpẹ̀kun kan nínú àpótí, kí ẹ wọn àlàfo tó ṣẹ́kù. Bí kò bá tó mìlímítà 12, yẹ̀pẹ̀ 18 sí sìmẹ́ńtì 1 ti tó; bó bá jẹ́ mìlímítà 12 sí 24, ẹ lo yẹ̀pẹ̀ 16; bó bá jẹ́ 25 sí 39, ẹ lo 14; bó bá jẹ́ 40 sí 50, ẹ lo 12. Bó bá ju 50 lọ, amọ̀ ti pọ̀ jù, ẹ bu yanrìn sí i.

Omi ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Ẹ fọwọ́ di yẹ̀pẹ̀ pípò ní ìṣù, ẹ jù ú sórí ilẹ̀ líle láti ibi èjìká. Bó bá fọ́ sí mẹ́rin tàbí márùn-ún, ó dáa. Bó bá tú ká, omi ò tó. Bó bá kàn tẹ́ pẹrẹsẹ láìfọ́, omi ti pọ̀ jù. Àwọn òṣìṣẹ́ tún máa ń po ti gbogbo àárọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn wákàtí kan, sìmẹ́ńtì ti ń dì, búlọ́ọ̀kù tí wọ́n bá tẹ̀ lẹ́yìn náà á máa bó ní etí. Ẹ má sá búlọ́ọ̀kù tútù sóòrùn rárá. Abẹ́ òjìji ni, kí ẹ fi ọ̀rá bò ó, kí ẹ máa wọ́n omi sí i fọ́jọ́ méje, kí ẹ sì dúró di ọjọ́ 28 kí ẹ tó fi mọlé.

Kí ìpìlẹ̀ jẹ́ òkúta tàbí kọnkéré, kó yọ sókè ilẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 45, nítorí òjò tó ń ta padà láti ilẹ̀ ló ń jẹ ìdí ògiri. Ẹ tẹ́ ọ̀rá dúdú tó nípọn sáàárín ìpìlẹ̀ àti ògiri. Kí páànù yọ kọjá ògiri ní sẹ̀ǹtímítà 60, ó kéré tán. Òun gan-an ni agbaṣẹ́ṣe máa ń kọ́kọ́ gé kúrò.

Yàrá-àti-pálọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ tirẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ti ṣiṣẹ́ òru kò ní pẹ́ nílé tí èèyàn mẹ́wàá ti ń tò síwájú ilé ìwẹ̀ kan. Kí kòtò ìgbọ̀nsẹ̀ jìnnà sí kànga tó mítà 30.

Kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, kí ẹbí tó ni ilẹ̀ tọwọ́ bọ̀wé, kí ìjọba ìbílẹ̀ sì fúnni níwèé ẹ̀tọ́ bí Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 ṣe fàyè gbà á. Láìsí èyí, bí bàbá tó yọ̀ǹda ilẹ̀ bá kú, àwọn ọmọ lè ní kí òṣìṣẹ́ kó jáde. Owó ilé táwọn ayálégbé bá ń san, kí baálẹ̀, ọ̀gá ilé ìwé àti aṣojú ayálégbé jọ máa fọwọ́ sí àkáǹtì rẹ̀, kó jẹ́ ti àtúnṣe nìkan: páànù tó ń jò, pákó tí ikán jẹ, ẹ̀rọ omi tó bàjẹ́.

Àwa bíríkìlà àti káfíńtà kan,
Òkè-Ògùn, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.