Ẹ má fi omi gbígbóná fọ òkúta kórà nínú ilé o

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé lẹ́tà yìí jáde, ọ̀rọ̀ yìí ń ká mi lára gan-an.

Àwọn kan wà l'Abuja níbí tí wọ́n ní tánkì gíláàsì olómi iyọ̀ ní pálọ̀, tí wọ́n kó ẹja àti kórà ààyè, ìyẹn ẹranko inú òkun tó ń lẹ̀ mọ́ òkúta, sínú ẹ̀. Ó rẹwà, mi ò bá wọn jà sí i. Ṣùgbọ́n kórà kan wà nínú ẹ̀ tó ń jẹ́ zoanthid, ó rí bí òdòdó kéékèèké tó lẹ̀ mọ́ òkúta, àwọn míì nínú ẹ̀, pàápàá ẹ̀yà tí wọ́n ń pè ní Palythoa, ní májèlé palytoxin lára, kò sì sí oògùn kankan tó ń pa á lára èèyàn títí dòní. Lọ́dún 2018, ní Steventon nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnì kan yọ òkúta ẹ̀ jáde nínú tánkì ó fọ̀ ọ́, gbogbo ilé ló bá ara wọn ní ọsibítù, tó fi mọ́ àwọn panápaná tó wá gbà wọ́n.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ọmọ ọ̀dọ̀ la máa ń ní kó bá wa fọ̀ ọ́. Ọ̀gá á ti lọ síbi iṣẹ́, ọmọ yẹn á gbé omi kaná, á mú búrọ́ọ̀ṣì, wíńdò á ti wà ní títì torí éésì tàbí torí eruku ọyẹ́, ooru omi yẹn á wá gbé májèlé sáfẹ́fẹ́, gbogbo ẹni tó wà nílé ló máa fà á símú. Omi híhó ò pa á o! Tó bá dalẹ́, ibà, òtútù, ikọ́, ara ríro, ẹnu á máa ṣe bí ẹni lá irin, ẹni bá dé kẹ́mísì wọ́n á ní ibà ẹ̀fọn ni, wọ́n á fún un lóògùn, á tún padà sílé kan náà. Ẹ tètè jáde síta, ẹ lọ ọsibítù, kẹ́ ẹ sì sọ fún dókítà pé kórà lẹ fọ̀.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò tó bo ojú, ẹni tó bá ní egbò lọ́wọ́ kó má fọwọ́ kàn án rárá, ẹ má sì ha á ní gbígbẹ. Èyí tẹ́ ẹ bá fẹ́ dànù, ẹ rì í sínú omi tẹ́ ẹ bu bílíìsì sí fún ìṣẹ́jú 30 ó kéré tán, níta gbangba, ẹ má po nǹkan ìfọ̀ míì mọ́ ọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ṣàlàyé ẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbowó.

Òǹkàwé yín láti Kubwa, Abuja.