Lẹ́tà sí ẹni tó kọ “O mọ ìyókù” sínú ìwé ìdáná rẹ̀

Ẹ̀yin ìyá mi tí n kò mọ orúkọ yín,

Ẹ kú ọjọ́ pípẹ́. Mo ń pè yín ní ìyá, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ bàbá ni yín. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má bínú. Ìwé ìdáná yín ló wà lọ́wọ́ mi. Inú páálí ìwé àlòkù ni mo ti bá a, ó há sáàárín ìwé ìṣirò ọmọléèwé kan àti ìwé orin tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já. Kò ní èèpo, kò ní orúkọ, ọwọ́ lẹ fi kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, yíǹkì rẹ̀ sì ti ṣá di àwọ̀ tíì. Bí mo ṣe gbé e báyìí, ojú ewé páńkéèkì ló là fúnra rẹ̀. Ọ̀rá ti mu ún débi pé èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí ìka ara rẹ̀ láti ẹ̀yìn ewé náà. Mo ní ewé tí ọ̀rá bá mu tó báyìí, oúnjẹ orí rẹ̀ ò lè burú.

Mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, àmọ́ ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ fẹjọ́ yín sùn yín ná.

Ohun tí ẹ kọ rèé, bí mo ṣe tú u láti èdè Gẹ̀ẹ́sì: fúláwà ife méjì, mílíìkì kíkan ife méjì, saleratus ṣíbí kékeré kan, ẹyin mẹ́ta, tí ẹ wá fa ilà sí, tí ẹ kọ méjì lé lórí, bọ́tà tó tó ẹyin, iyọ̀. Lẹ́yìn náà, “Páànù tó gbóná. O mọ ìyókù.”

Ta ló mọ ìyókù? Èmi kọ́.

Mílíìkì kíkan yẹn ló kọ́kọ́ kó bá mi. Mo ní mílíìkì kan nínú fíríìjì tí ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀. Mo ṣí i, mo gbóòórùn rẹ̀, mo ní ó ti kan, òun náà nìyẹn. Mo dà á sí fúláwà. Òórùn tó gba ilé kan nígbà tó dé orí iná, ẹ jẹ́ ká fi mọ síbẹ̀. Fèrèsé ilé wa ò tì títí ọjọ́ kejì. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó lọ kà nípa rẹ̀. Mílíìkì ayé yín, láti ara màlúù ló ti ń bọ̀ tààrà, àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń sọ ṣúgà inú mílíìkì di kíkan wà láàyè nínú rẹ̀, àwọn ló sì máa ń kọ́kọ́ gba ibẹ̀ kí àwọn tó ń ba nǹkan jẹ́ tó ráyè. Mílíìkì tiwa, wọ́n ti fi iná pa wọ́n tán kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ọgbọ́n tó ń jẹ́ orúkọ Louis Pasteur, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Faransé. Nítorí náà, bó bá pẹ́ nílẹ̀, kì í kan, rírà ló ń rà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ kọ, “kíkan”. Lójú tiyín, kò sí ohun mìíràn tí ì bá túmọ̀ sí.

Ní báyìí, mo máa ń fi ṣíbí ńlá kan omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà sínú ife mílíìkì tútù kan, màá gbé e sílẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á dì wọ́rọ́wọ́rọ́ díẹ̀. Kò lè dà bíi tiyín, mo mọ̀. Bí mo bá rí yógọ́ọ̀tì tí kò ní ṣúgà, tí mo fi mílíìkì là á, ó sàn ju ti fínígà lọ.

Saleratus ńkọ́? Mo rò pé èèlò olóòórùn kan ni. Mo wá a títí, ìgbà tí mo máa rí i, orúkọ àtijọ́ ohun tí à ń pè ní baking soda ni! Ó ti wà lórí pẹpẹ ìdáná mi láti ìgbà yìí wá. Ọ̀rọ̀ ayé ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni saleratus, ó sì ń dà mí láàmú díẹ̀: ṣé ayé ìgbà náà lẹ ti wá ni, àbí ẹnu ìyá yín lẹ ti gbọ́ ọ tí ẹ ò sì yí i padà? Kí nǹkan yìí tó wà, eérú igi ni wọ́n ń lò. Wọ́n á sẹ́ omi eérú, wọ́n á sè é gbẹ, wọ́n á sì sun ún títí á fi funfun, wọ́n ń pè é ní pearlash. Amelia Simmons ti fi sínú ìwé ìdáná tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1796. Lọ́dún 1843, apoògùn kan ní Birmingham, Alfred Bird, po baking powder nítorí pé ìyàwó rẹ̀ ò lè jẹ ohun tí wọ́n bá fi yíìsì sí. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn. Ọkọ tó rí i pé oúnjẹ kan ń ṣe ìyàwó òun, tó wọ inú ilé ìpoògùn lọ, tí kò jáde títí tó fi rí nǹkan mú bọ̀.

Ibi tí ẹjọ́ mi wà ni pé ẹ ò sọ ìdí tó fi jẹ́ ṣíbí kékeré kan. Èmi ní páńkéèkì mi ò wú tó, mo fi méjì sí i. Páńkéèkì náà wú, ó pọ́n kíákíá, ó dára lójú. Mo bu án jẹ, ọṣẹ! Bí ẹni fi ẹnu kan aṣọ tí wọn ò ṣan dáadáa. Àṣé ìwọ̀n ọwọ́ yín péye ju bí mo ṣe rò lọ. Ife mílíìkì kíkan kan lè gbé nǹkan bí ìlàjì ṣíbí kékeré soda; kíkan á mú soda, soda á mú kíkan, àwọn méjèèjì á di afẹ́fẹ́ tó ń wú fúláwà, wọn á sì pa ara wọn lẹ́nu mọ́. Èyí tó bá ṣẹ́ kù ni ọṣẹ tí mo jẹ. Ife méjì, ṣíbí kan. Ẹ ò ṣèèṣì.

Afẹ́fẹ́ yẹn kì í sì dúró de èèyàn. Mo pò ó lọ́jọ́ kan, ẹnì kan pè mí lórí fóònù, a sọ̀rọ̀ dé ibi tí ọ̀rọ̀ ò dé rí. Ìgbà tí mo padà sí páànù, pẹlẹbẹ ni gbogbo rẹ̀ jáde. Nínú “ìyókù” tí ẹ ní mo mọ̀, ó yẹ kí “má gba ìpè” wà níbẹ̀.

Ti kókó inú fúláwà pípò ló tún wà. Èmi ò fẹ́ràn kókó nínú ohunkóhun. Mo fi ẹ̀rọ ìpo-nǹkan lu fúláwà yín títí ó fi ń dán bí ọ̀dà. Páńkéèkì náà le, ó ń fà lẹ́nu bíi rọ́bà. Èyí tí mo bínú pò, tí mo fi ṣíbí igi yí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá péré, tí kókó wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ kún inú rẹ̀, òun ló rọ̀ bí ìrọ̀rí. Bí a bá ṣe ń lù ú tó ni okùn inú fúláwà, tí wọ́n ń pè ní gluten, ń so kọ́ra. Kókó yẹn á sì yọ́ lórí iná fúnra rẹ̀. Ó ṣòro fún mi láti gbà. Títí di òní, ọwọ́ mi ṣì máa ń yún mi.

Ẹ wá gbọ́ ti bọ́tà. “Tó tó ẹyin.” Ẹyin wo? Mo gbé ẹyin kan kalẹ̀ lórí tábìlì, mo gbé bọ́tà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ń fi ọ̀bẹ gé e bí ẹni ń gbẹ́ ère, mo ń wò ó láti ọ̀tún, mo ń wò ó láti òsì. Ọmọ mi wọlé, ó dúró, ó wò mí, ó jáde láìsọ nǹkan kan. Nígbà tí ó ti jọ ẹyin lójú mi, mo gbé e sórí òṣùwọ̀n: gíráàmù 52. Mo tún un ṣe lọ́sẹ̀ kejì láìlo ẹyin, ojú lásán ni mo fi wò ó: gíráàmù 54. Ibẹ̀ ni ẹnu mi ti wọhò. Èmi tó ní òṣùwọ̀n oníná ni mo ń bínú sí ẹni tó jẹ́ pé ohun tó wà ní gbogbo ilé ìdáná ló fi ṣe òṣùwọ̀n.

Ẹyin mẹ́ta tí ẹ pa rẹ́, mo dán an wò náà, torí ojúmìító. Ó jọ ẹyin díndín tí fúláwà wà nínú rẹ̀. Mo ti rò pé ẹyin ló wọ́n lọ́dún yẹn tí ẹ fi dín in kù. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, kó sì wá dùn jù báyìí lọ.

Páànù tó gbóná: èyí ni mo ṣì ń kọ́. Irin wúwo ni mo ń lò. Màá ta omi díẹ̀ sí i. Bí omi bá jókòó tó kàn ń hó, kò tíì yá. Bó bá di ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké tó ń sáré kiri orí páànù bí ẹni tí wọ́n ń lé, ó ti yá. Oníṣègùn ará Jámánì kan, Johann Gottlob Leidenfrost, kọ̀wé nípa eré tí omi ń sá yìí lọ́dún 1756; orí ṣíbí irin tó pọ́n nínú iná ló ti wò ó. Ooru abẹ́ ẹ̀kán omi náà ló ń gbé e ró tí kò fi kan irin. Ẹ̀yin ò nílò Leidenfrost, mo mọ̀. Síbẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ìwádìí mi, àkọ́kọ́ kì í dára. Àwọn ará Rọ́ṣíà ní òwe kan pé páńkéèkì àkọ́kọ́ a máa di kókó, nítorí náà kì í ṣe èmi nìkan. Tèmi máa ń dúdú ní ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó funfun lódì kejì. Èmi ni mo máa ń jẹ ẹ́, lórí ìdúró, kí ẹnikẹ́ni tó jí.

Nígbà tí ihò bá ń là lójú rẹ̀, tí ihò náà kò sì dí mọ́, ìgbà yẹn ni kí a yí i. Ẹ̀ẹ̀kan. Mo máa ń fi ṣíbí pẹlẹbẹ tí mo fi ń yí i tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn tí mo bá yí i, torí mo fẹ́ràn ìró ṣìì yẹn. Oṣù kan gbáko ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kan, oòrùn òwúrọ̀ yọ sórí ewé yín, mo rí nǹkan kan lábẹ́ ọ̀rá, pẹ́ńsù tín-ínrín, ní igun ìsàlẹ̀: “Má tẹ̀ ẹ́.” Mo bú sẹ́rìn-ín. Ta lẹ kọ ọ́ fún? Ẹnì kan wà ní ilé yín tó máa ń tẹ̀ ẹ́, àbí?

Ti ààrò kò gùn. Ẹ kọ “ààrò yíyára” sí ìdí bisikíìtì, mo sì rò pé ẹ ní kí n yára ni. Ooru ńlá lẹ ń sọ, nǹkan bí 200 sí 220 lórí ìwọ̀n Celsius. “Ààrò ìwọ̀ntúnwọ̀nsì” yín ni nǹkan bí 180. Ayé ìgbà yẹn, ọwọ́ ni wọ́n ń kì bọ inú ààrò, wọ́n á máa ka iye tí ọwọ́ lè fara dà. Mo dán ìyẹn wò lẹ́ẹ̀kan, irun apá mi lè jẹ́rìí. Lọ́dún 1896, Fannie Farmer, olórí ilé ẹ̀kọ́ ìdáná kan ní Boston, gbé ìwé rẹ̀ jáde, ó fi dandan lé e pé kí ife àti ṣíbí máa kún déédéé, kí a fi ọ̀bẹ ha orí rẹ̀ dọ́gba. Ó jọ pé ìròyìn náà ò kan ilé yín, tàbí kẹ̀ ó kàn yín tí ẹ ò sì kà á sí.

Kéèkì pọ́n-ùn yín, mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: fúláwà, bọ́tà, ṣúgà, ẹyin, ìkọ̀ọ̀kan pọ́n-ùn kan, ìyẹn gíráàmù 454, kò sí soda, kò sí yíìsì, atẹ́gùn tí ọwọ́ bá lù sínú rẹ̀ ló máa wú u. Ẹ kọ “lù ú fún wákàtí kan”. Mo lù ú fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pẹ̀lú ọwọ́, mo lọ mú ẹ̀rọ. Ẹ pẹ̀lẹ́ o.

Mo ti ń kọ nǹkan sí etí ìwé yín. Pẹ́ńsù ni mo ń lò, mi ò fọwọ́ kan yíǹkì yín. “Gíráàmù 52” wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyin. “Yógọ́ọ̀tì ń ṣe é” wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mílíìkì.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Kéèkì atalẹ̀ tó wà lójú ewé tó kẹ́yìn, ewé náà ti ya láti àárín. Fúláwà ife mẹ́ta ṣì wà níbẹ̀, atalẹ̀ lílọ̀ ṣíbí ńlá kan, omi gbígbóná ife kan, ìdajì ọ̀rọ̀ kan tí mo rò pé ṣúgà dúdú ni, lẹ́yìn náà ibi tó ya. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ti ẹ̀ẹ̀kẹta wú, ó ń ta sánsán títí dé ẹnu ọ̀nà, bí mo ṣe gbé e jáde ló rì láàárín bí ìgbà tí èèyàn jókòó lé e. Àwọn ọmọ jẹ ẹ́ tán. Àmọ́ èmi mọ̀ pé kì í ṣe tiyín.

Èmi ni,
ẹni tí ìwé yín bọ́ sí lọ́wọ́